Asgedom Woldu, Ẹni Tó Fi Bàtà Gba Ìwé Ìhìnrere

Ní oṣù Kẹta ọdún 1946 ni a bí Bàbá wa, Asgedom Woldu, ní Adi Mear, abúlé olóyin lórí òkè Tigray. Woldu Berhe, tó ń mọ ilé oyin fún gbogbo àdúgbò, ni bàbá wọn. Letay ni ìyá wọn. Àwọn àgbà ní lọ́jọ́ tí a bí wọn, oyin kan bà lé wọn níwájú orí, kò sì ta wọ́n. Ìyá wọn ló ta.

Ní 1954, a fi wọ́n sọ́dọ̀ àlùfáà láti kọ́ èdè àtijọ́ tí a fi kọ ìwé mímọ́ wa. Orí wọn pé, Sáàmù sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Gbogbo ilé ti ń pè wọ́n ní díákónì nígbà tí oorun gbé wọn lórí ìdúró lọ́jọ́ àjọ̀dún, tí wọ́n wó lu bíṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti padà sídìí oyin.

Ní 1969, Bàbá gbé ìyá wa, Abrehet, níyàwó. Ìyá ló sọ wọ́n ní Olùṣọ́ Bàtà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Giyorgis Mímọ́ la máa ń bọ́ bàtà sí. Bàbá a pẹ́ dé, wọ́n a sùn ti àwọn bàtà náà, èyí tí ẹsẹ̀ wọn bá sì kọ́kọ́ kàn ni wọ́n máa wọ̀ relé.

Ìyá a ké pé, “Baba Kiros, bàtà àlùfáà lẹ tún wọ̀ wálé yìí!”

“Abájọ! Mo ní kí ló dé tó ń fà mí padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ní 2021, ogun dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ogun kan ń kó ìwé awọ àti àwòrán àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn baba ńlá wa tọ́jú láti ìran dé ìran fọ́n ká ayé bí ìyẹ́ adìyẹ nínú ìjì. Nígbà tí wọ́n dé Adi Mear, gbogbo wa sá sínú ihò àpáta. Bàbá nìkan ló ṣẹ́ kù, nítorí wọ́n ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Bàbá máa lajú, àgbélébùú fàdákà àti àwọn àwòrán ti bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀wọ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé fún ìyókù. Ṣùgbọ́n ìbọn kì í gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ ẹni: àwọn ọkùnrin náà bọ́ bàtà, wọ́n fi àmì àgbélébùú kan àyà, wọ́n wọlé lọ jalè.

Bàbá dìde. Wọ́n di gbogbo bàtà sínú aṣọ ìbora wọn, wọ́n kó o sáàárín ilé oyin wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn olè jáde, ọ̀gá wọn gbé Ìwé Ìhìnrere wa dání. Ẹ̀gún ló kún ilẹ̀ títí dé ìdí ọkọ̀.

“Baba, bàtà wa dà?”

“Ó wà lọ́dọ̀ oyin. Lọ mú un.”

Ọ̀gá wo oyin; oyin wo ọ̀gá. “Màá yìnbọn o!”

“Yìn ín, ọmọ mi. Ìwọ nìkan kọ́ ló máa gbọ́ ọ. Àwọn oyin mi kì í fẹ́ ariwo.”

Ìbọn àwọn ọ̀tá wọn dún ní ìsàlẹ̀ òkè. Òógùn bo ọ̀gá. “Kí lẹ fẹ́ gan-an?”

“Ìhìnrere wa.”

Ó gbé e sílẹ̀. Bàbá ṣí i, wọ́n rí i pé ewé ìwé tí a ya Màríà sí ti ya kúrò. Ó ti bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Bàbá dá bàtà oníkálukú padà, àfi ti òsì ọ̀gá. “Ewé kan, bàtà kan. Mú tiwa wá, kí o wá gba tìrẹ.” Ẹsẹ̀ kan ni ọ̀gá ológun náà fi ń fò sọ̀ kalẹ̀ òkè.

Lẹ́yìn ogun, ìjọ fi Bàbá joyè Olùṣọ́ Bàtà, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má sùn lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Bàbá gba oyè. Wọn ò gba ìkìlọ̀.

Ní 2023, Tirhas, àbígbẹ̀yìn wọn, rí ewé náà lára ògiri ilé ọlọ́rọ̀ kan lókè òkun. Olówó ní owó òun lòun fi rà á, òun ò mọ olè kankan. Bàbá ní, “Ẹ bi í bóyá ẹni tó tà á fún un wọ bàtà méjì.”

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi wá pé, “Ṣé ó ti dé?” Lórí ibùsùn àìsàn pàápàá, ohun tí wọ́n bèèrè gbẹ̀yìn nìyẹn. Kò tíì dé. Wọ́n dákẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2025.

Bàbá fi ìyá wa Abrehet sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Kiros, Mulu àti Tirhas, ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ, àti bàtà òsì kan tí ọ̀wọ́ oyin ti kọ́lé sí nínú. Ẹ bá wa sọ fún gbogbo ayé: ẹni tó bá mú ewé Màríà wá yóò gba bàtà rẹ̀. Àwa yóò bá a bẹ oyin.

Ẹ sùn re o, Olùṣọ́ Bàtà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé kẹ́ ẹ tó sùn. Àwọn áńgẹ́lì ò ní bàtà mìíràn.