Àwọn Tí Wọ́n Kọ “Ó Ń Bọ̀” Fún

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdù 2025

Àpótí mẹ́ta ni wọ́n já sílẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Adigbe láàárọ̀. Ìwé Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Tòótọ́ láti ọdún 1911. Ikán ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Bàbá ni alága wọn, àwọn mẹ́rin péré ló kù láyé, akọ̀wé wọn sì kú lọ́dún tó kọjá. Ni Ọba Adigbe — inú ìwé ìrántí mi yìí nìkan ni mo ti ń pe Bàbá bẹ́ẹ̀ — bá ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí n sì di akọ̀wé wọn. Èmi! Ẹgbẹ́ tí kò jẹ́ kí obìnrin kọjá ẹnu ọ̀nà fún ọgọ́rùn-ún ọdún! Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti wá rí i pé obìnrin náà mọ̀wé?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Òkúdù

Odidi ìpàdé kan, 1913, lórí bóyá ọmọlúàbí lè bọ́ kóòtù nígbà ooru. Wọ́n ní kò gbọdọ̀. Ẹ máa làágùn lọ.

Ọjọ́rú, 4 Òkúdù

1918. Akọ̀wé wọn ìgbà náà — Aláfínjú ni mo ń pè é, ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ ju ti tíṣà lọ — ló máa ń pe orúkọ. Ẹni tó bá wá, “ó dé.” Ẹni tí kò bá wá, “kò sí.” Ní oṣù kẹwàá, ó kọ “kò sí” fún ẹni méje. Kí oṣù kọkànlá tó pé, àwọn méjèèje ti kú.

Mo ní lùkúlùkú ni, àìsàn tó gbá gbogbo ayé lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí, kò ṣàìsàn rárá. Oko ló lọ ní Wásinmi, ejò ṣán an pa.

Wọ́n fi òfin lélẹ̀: “Kí akọ̀wé má kọ ‘kò sí’ mọ́. ‘Ó ń bọ̀’ ni kí ó máa kọ.” Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ta ni kò mọ̀? Bí ẹnìkan bá béèrè Màmá mi lọ́wọ́ mi, kí ni mo ń sọ? Kò sí mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Òkúdù

Wàhálà dé. Òkú méje yẹn — wọn kò yọ orúkọ wọn! Ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ “kò sí”? Oṣooṣù ni wọ́n ń pè wọ́n, oṣooṣù ni Aláfínjú ń kọ “ó ń bọ̀.” Nígbà tó di oṣù kẹta 1919, ìkọ̀wé kan náà, kò gbọ̀n:

“Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí: ó dé. Kò jókòó.”

Mo yára ṣí ojú ewé tó kàn. Oṣù kẹrin, ẹni mẹ́ta. “Wọ́n dé. Wọn kò jókòó.” Ní oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí ilé òkú kọ̀ọ̀kan: kí ọmọ tàbí ìyàwó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ “kò sí.” Ìkọ̀wé méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn, òkú kankan kò dé mọ́.

Mo gbé e lọ bá Bàbá. Mo rò pé yóò fi mí ṣẹ̀sín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun ló sọ ọ́ fún òun, wọn kì í sọ ọ́ níta. Ó ní, “Tó bá kàn mí, Adébímpé, má dá mi dúró.” Mo ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ ò ní í kú báyìí.” Inú bí mi. Mi ò jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Òkúdù

Àyà ń dun Bàbá láàárọ̀. Bọ̀ọ̀dá Jedidiah, ẹ̀gbọ́n mi, gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá ní ìpàdé ẹgbẹ́ ti oṣù yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́ta yòókù wá sí pálọ̀ wa. Mo ń pe orúkọ, mo kan ti Bàbá. Àlájì Sàlàhúdíìnì, igbákejì rẹ̀, ń wo ọwọ́ mi. Kí lẹ fẹ́ kí n kọ? Mo kọ “ó ń bọ̀.” Mo tẹ bírò náà mọ́lẹ̀ gan-an.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá pè. Bàbá ti lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Òkúdù

A sin ín lánàá. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Títílọlá, aránṣọ òdìkejì wa, ti Ìlọrin dé. Ó ti lo oṣù kan àti ààbọ̀ níbẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Bàbá ní fàráńdà. “Àǹtí, kí ló dé tí wọn ò jókòó? Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n kàn ń wo àga.” Ọ̀sán gangan ni o. Mo sáré jáde. Kò sẹ́nì kankan. Mi ò lè sọ fún un pé Bàbá ti kú títí ó fi lọ.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí — inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Ikọ́ ní yàrá Bàbá, lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.”

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Agẹmọ

Àlájì pè mí. Ó ní, “Ọ̀la ni ìpàdé. O mọ ohun tó yẹ kí o kọ.” Mo ní mi ò kọ ọ́. Ó ní, “Ìyà lo fi ń jẹ bàbá rẹ, ọmọ mi.” Mo gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Àgbàlagbà ẹni ọgọ́rin ọdún! Mi ò kábàámọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀: “ó ń bọ̀,” lóṣooṣù, títí èmi náà yóò fi kú. Mo pe orúkọ Bàbá. Gbogbo wa la gbọ́ ọ — ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Àlájì ń gbàdúrà lábẹ́ ètè. Mo ní, “Bàbá, ẹ wọlé, àga yín rèé.” Kò wọlé.

Mo wo ìsàlẹ̀ kọ́tìnì. Ẹsẹ̀ Bàbá ni. Wọ́n ti wú, awọ wọn ń dán. Ó ń gbé ọ̀kan sílẹ̀, ó ń gbé ìkejì sókè, bí ẹni tó ti pẹ́ lórí ìlà. Odidi oṣù kan lórí ìdúró! Èmi ni mo sì dá a dúró.

Mo kọ ọ́. Kò sí.

Mo sunkún lójú wọn, mi ò tijú. Mi ò tún wo ìsàlẹ̀ kọ́tìnì mọ́. Nígbà tó yá, Àlájì fọwọ́ kan ìwé náà, ó ní kí n pe orúkọ tó kàn.