Wọ́n Ní Kí La Ti Gbìyànjú

Hephzibah ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ará Ungwan Rimi tó ń bá ọ gbé dáadáa. Ara wa le, àfi eékún ìyá rẹ tó máa ń dùn ún bí òjò bá ṣú. Olúwa kò ní jẹ́ ká gbọ́ burúkú nípa ara wa. Levi awakọ̀ tó ń ná Kawo ni mo fi lẹ́tà yìí rán, pẹ̀lú iṣu díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ Mofìyìnfólúwa ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé tíṣà ìṣirò wọn lọ síbòmíràn, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdánwò wáẹ̀kì ti dé tán, bí kò bá sì yege ìṣirò, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lé kiri bọ́ nìyẹn. Ó wá fi hàn mí nínú fóònù tí o rà fún wa pé ìlú kan wà níbẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn ti lè gbé iṣẹ́ àṣetiléwá lọ bá ẹni tí kò mọ̀ rí.

Mo ní a kì í wọ ìlú onílùú ká má kí wọn. Mo ń sọ ọ́, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́: mo kí baálẹ̀ wọn, mo kí àwọn ìyàwó wọn, mo béèrè bí ọjà ṣe ń tà, mo gbàdúrà, ká tó wá kan ìbéèrè. Ṣé o mọ̀ pé kò pẹ́ tí baálẹ̀, ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀, gé gbogbo ìkíni yẹn dànù, tó ṣẹ́ku ìbéèrè nìkan? Àwọn kan tún na ọfà sí i, ọfà tó kọjú sílẹ̀, tí Mofìyìn ní ó túmọ̀ sí pé ìbéèrè wa ò wù wọ́n, mi ò sì ṣẹ̀ wọ́n.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Zulaiha ló dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ béèrè pé kí la ti gbìyànjú. Ó ká mi lára, torí ẹni tó ní ebi ń pa òun, ta ní ń bi í pé oko mélòó ló dá? Ṣùgbọ́n àwa la wá tọrọ, mo ní kí Mofìyìn kọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: pé a ti gbààwẹ̀, pé Pásítọ̀ Richard ti gbé ọwọ́ lé ìwé ìṣirò náà, pé a ti bẹ Bàbá Jonah tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó ní ojú òun ò ríran mọ́, pé ẹ̀gbọ́n Mofìyìn ń kọ́ni ní ìṣirò ní Kaduna, a pè é títí, kò gbé e.

Zulaiha fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un, ó sì yé e. Mo dúpẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n ò fi gbé fóònù, ṣé kò sí nǹkan? A bá pa fóònù, mo wá bírò láti kọ lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀ tí ò ń kọ́ lẹ́sìnnì nílé wọn. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Owó dátà ti tán, jọ̀ọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí Zulaiha lè máa kọ́ àbúrò rẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá lè máa gbé fóònù nírọ̀lẹ́, fi owó náà ra bàtà fún àwọn ọmọ.

Ọlọ́run tó fún ọ lórí ìṣirò kò ní gbà á padà. Ilé rẹ á tòrò. Ẹni tí o bá pè lọ́jọ́ ìṣòro á dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ