Ẹ Má Sọ Pé Mo Rìnrìn Àjò

Màmá mi,

Ìjọba ti gbà kí n wá parí ẹ̀wọ̀n mi nílé, bí Bàbá bá fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀gá tó ń bójú tó mi ń bọ̀ wá wo yàrá mi nílé lọ́jọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé mo rìnrìn àjò o, bí ẹ ṣe ń sọ fún aládùúgbò. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé ìyá ẹ ò ní lé mi?” Mo ní, “Oúnjẹ ni wọ́n máa fi lù yín.”

Ara mi le. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni mo ṣe ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ọgbà ẹ̀wọ̀n wa lóṣù yìí, èmi tí mo já ilẹ̀kùn Bàbá jalè.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ìwé náà ti tó wọn lọ́wọ́. A ò tíì rí èsì.