Mo Parọ́ Mọ́ Ọlọ́run Níwájú Àwọn Sístà Mẹ́ta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn page yìí, mo parọ́ mọ́ Ọlọ́run. Kì í ṣe irọ́ wẹ́rẹ́ tí èèyàn máa ń pa fún ọ̀gá níbi iṣẹ́ o... mo ní Ọlọ́run bá mi sọ̀rọ̀, kò bá mi sọ nǹkan kan, àwọn àgbàlagbà mẹ́ta sì ti gbé ìyókù ayé wọn lé ohun tí mo sọ. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí Sístà ni mí, Sístà ìjọ Àgùdà, ọmọ Ìbàdàn, mo ti lé ní ogójì ọdún, Hyattsville ní Maryland níbí ni mò ń gbé. Obìnrin Mùsùlùmí kan láti Seat Pleasant, tí a jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì, ló fi page yín hàn mí. Ó ní àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń bú èèyàn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ òótọ́. Ẹ bú mi, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé wa, èmi ni àbíkẹ́yìn. Òyìnbó ni àwọn mẹ́ta yòókù, n kò sì ní dárúkọ wọn. Ẹ jẹ́ ká pe àgbà pátápátá ní Sístà Àgbà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, òun ló ń darí ilé. Ìkejì ni Sístà Tíṣà, torí ó kọ́ àwọn ọmọ níwèé títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìkẹta ni Sístà Nọ́ọ̀sì, òun nìkan ló ṣì ń wa mọ́tò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́, ó lé ní àádọ́ta ọdún. Tí ẹ bá rí wọn nídìí oúnjẹ àárọ̀, ẹ máa rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n... ọ̀kan á máa bá èkejì fi bọ́tà sí búrẹ́dì, ẹ̀kẹta á máa kùn pé wọ́n ti tún fi púpọ̀ jù. Wọ́n ní ilé ìwé tẹ́lẹ̀, wọ́n ti tì í pa. Ó ku kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí a ń ṣe fún àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, àti oúnjẹ tí a máa ń pín lọ́jọ́ Tuesday. Kíláàsì yẹn náà, ìgbà kan wà tí àga kì í tó, ṣùgbọ́n báyìí ẹ̀rù àwọn ìmígíréṣọ̀n tó ń mú àlejò ń ba àwọn èèyàn láti jáde nílé, èèyàn méjì ló ń wá, nígbà míì ẹnì kan. Kò sì sí ọmọbìnrin kankan níbí tó tún fẹ́ di Sístà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán mi wá láti Nigeria kí n wá ràn wọ́n lọ́wọ́, mo sì wá di ọmọ ilé fún ìyá àgbà mẹ́ta.

Ní bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, àwọn ọ̀gá ìjọ wa kọ̀wé pé kí ilé kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n bi Ọlọ́run léèrè iṣẹ́ tó kù fún wọn nínú ayé tó ti yí padà yìí. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ṣé ká dúró, àbí ká ti ilé, kí àwọn mẹ́ta lọ sí ibi ìtọ́jú kan tí àwọn Sístà ìjọ mìíràn ní, níbi tí nọ́ọ̀sì wà, tí wọ́n ti fi yàrá mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn pamọ́ fún wọn, kí èmi sì padà sí Nigeria? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe máa ń ṣe é, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. A máa dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí fóònù, kò sí ẹ kú àárọ̀. Kálukú á gbàdúrà, á kọ ohun tó bá gbọ́ sórí ìwé kékeré kan. Lọ́jọ́ kẹrin, a máa jókòó yípo nínú ṣápẹ́ẹ̀lì, kálukú á sọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kò gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè, kò gbọ́dọ̀ bá a jiyàn, torí ohun tí Ẹ̀mí Mímọ́ bá fi sí èèyàn lọ́kàn, a kì í jà á níyàn. Àbíkẹ́yìn ló sì máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà má baà pa tirẹ̀ mọ́ ọn nínú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀... mo gbà pé àṣà tó dáa ni, títí ó fi kàn mí.

Ẹ gbọ́ o, mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ padà sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn Sístà ti pọ̀, tí wọ́n ń kọrin tí ilé ń mì, níbi tí èmi náà ti máa rí ẹni pè ní àbúrò. Ọjọ́ mẹ́ta tí a fi dákẹ́ yẹn, mo gbàdúrà títí orúnkún ń ro mí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ká má purọ́, ó ti tó ọdún mélòó kan tí n kò ti gbọ́ nǹkan kan nínú àdúrà, mo kàn ń kà á lọ bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka àkọ́sórí ni. Ìwé mi ṣófo. Ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́, mo ń wo Sístà Àgbà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó fọ kọ́tìnì ṣápẹ́ẹ̀lì, ó lọ aṣọ pẹpẹ, ó fi òróró sí gbogbo ilẹ̀kùn tó ń dún, ó tún gun àga, ìyá arúgbó yẹn o, ó ń nu fèrèsé. Mo ní háà, ìyá yìí kò fẹ́ lọ. Ta ló máa ń tún ilé tó fẹ́ fi sílẹ̀ ṣe báyẹn? Ìyá tó bí ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà, ẹ sì mọ irú home training yẹn... ọmọ tí a kọ́ kò lè wo ojú àgbà kó sọ fún un pé ilé rẹ̀ ti tán. Nígbà tí wọ́n yíjú sí mi, tí mo rí i bí Sístà Àgbà ṣe ń wò mí, ẹnu mi kàn là, mo ní Olúwa sọ fún mi pé ká dúró, pé iṣẹ́ wa níbí kò tíì parí. Mo tiẹ̀ sunkún díẹ̀ sí i. Wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi, Ìbàdàn ni mò ń sunkún.

Sístà Nọ́ọ̀sì wo ìwé tirẹ̀, ó ká a, ó ní òun náà gbà pé ká dúró. Sístà Tíṣà ní Ọlọ́run máa ń gba ẹnu ọmọdé sọ̀rọ̀, òun ò ní nǹkan tí òun fẹ́ fi kún un. (Èmi, ọmọdé, tí ewú ti ń yọ lórí mi.) Sístà Àgbà di ojú fún ìgbà pípẹ́, ó wá fa ìwé tirẹ̀ ya, ó ní àmín, bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Mo rò pé ayọ̀ ló ń bá a. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé a ò fẹ́ yàrá mẹ́ta yẹn mọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kó o fún àwọn ẹlòmíràn.

Látìgbà yẹn, ẹ̀yin ará mi... Sístà Tíṣà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbàgbé iná, ó ń gbàgbé ọjọ́, a rí bàtà rẹ̀ nínú fíríìjì, a rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó pe Sístà Àgbà ní Madam, ó bi í léèrè bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń gbé níbẹ̀. A ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti jáde lọ lẹ́ẹ̀kan nínú òtútù pẹ̀lú slippers lẹ́sẹ̀, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Metro ni wọ́n ti bá wa rí i. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń se oúnjẹ fún gbogbo wa, èmi ni mò ń kọ́ èèyàn kan ṣoṣo ní Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni Sístà Àgbà ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n wá gbé e lọ sí rehab, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti tún rìn, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di báyìí, ara kò sì gbà á dáadáa.

Ibẹ̀ ni mo ti lọ kí i lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó di ọwọ́ mi mú, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ kí n mọ̀ pé lọ́jọ́ tí a jókòó yẹn, òun ti múra láti sọ pé ká lọ. Ó ní ohun tí òun kọ sórí ìwé ni pé ó ti rẹ òun, kí àwọn mẹ́ta lọ papọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì mọ orúkọ ara wọn. Àwọn kọ́tìnì tó fọ̀ yẹn, àwọn fèrèsé tó nù... ó ń tún ilé ṣe fún àwọn tó máa rà á, kó má di pé ó fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni! Ṣùgbọ́n bí mo ṣe la ẹnu, ó ní òun mọ̀ pé àárẹ̀ ara ló ń bá òun sọ̀rọ̀, Ọlọ́run ló ń bá èmi sọ̀rọ̀, ni òun bá fà á ya. Ó ní tí ìrora bá mú òun tí òun kò lè yí ara padà, òun máa ń rántí pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní ká dúró, òun á sì lè fara dà á. Ó fi ẹnu ko ọwọ́ mi. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní àmín. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ ohunkóhun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, tí a gba ọ̀nà Landover kọjá, mo fi ọgbọ́n bi Sístà Nọ́ọ̀sì nínú mọ́tò pé kí ló kọ sórí ìwé tirẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ká lọ lòun kọ. Ó ní Sístà Tíṣà náà sọ fún òun lẹ́yìn náà pé ká lọ lòun kọ, pé ó ti yan yàrá tó wà láàárín lọ́kàn ara rẹ̀, kó lè máa gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì lára ògiri. Ó ní ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe gba ẹnu mi yí gbogbo wọn lọ́kàn padà? Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la fẹ́ lọ! Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé yẹn tó fẹ́ dúró! Irú ìtẹríba wo lèyí? Irú ẹ̀kọ́ ilé wo ló ń ba ayé àgbà jẹ́ báyìí? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, èmi ló já a bọ́, n kò sì mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ ní comment. Ẹ máa ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún Fadá. Mo ti lọ. Ó gbọ́ ọ, ó dárí jì mí, ó ní kí n lọ sọ òótọ́ fún wọn. Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́ fún Sístà Àgbà, ó máa mọ̀ pé kì í ṣe Ọlọ́run ló ní kó dúró, ọmọ Ìbàdàn kan tí kò fẹ́ rí àgbà fín ni. Kí ló máa wá fi fara da ìrora yẹn? Sístà Tíṣà ńkọ́? Ó máa fetí sílẹ̀ dáadáa, ó máa dúpẹ́, ó máa bi mí pé ta ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì ní kí n lọ gbàdúrà, ẹ má bínú, àdúrà ni mo wà nídìí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò sí ẹni tó ń dáhùn.

Ní báyìí, àwọn ọ̀gá tún ti kọ̀wé. Sátidé tó ń bọ̀ la tún máa jókòó. Kò sí yàrá mẹ́ta níbì kankan mọ́. Wọ́n rí bẹ́ẹ̀dì kan fún Sístà Àgbà ní ìpínlẹ̀ kan, wọ́n rí ibi àwọn tó ń gbàgbé fún Sístà Tíṣà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, Sístà Nọ́ọ̀sì á lọ ibòmíràn, wọn ò ní rí ara wọn mọ́ láyé yìí. Tàbí kí wọ́n gbé Sístà Àgbà padà wálé, ká dúró, kí èmi nìkan máa gbé wọn. N kò sì lè gbé wọn mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sístà Tíṣà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi nínú bálùwẹ̀, àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí Sístà Nọ́ọ̀sì fi dé láti Mísà, Sístà Tíṣà ń fọwọ́ pa mí lórí, ó ń sọ pé kí n má sunkún, pé ìyá mi á wá mú mi láìpẹ́.

Tí mo bá ní ká lọ, èmi ni mo pín wọn níyà. Tí mo bá ní ká dúró, èmi ni màá wẹ òkú wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, bóyá kì í tiẹ̀ ṣe pé ọjọ́ ló pé, torí pé ọwọ́ mi kò ká a ni. Tí mo bá sọ òótọ́ ńkọ́? Ta ló máa jàǹfààní rẹ̀, àwọn àbí èmi? Mo bẹ Sístà Nọ́ọ̀sì pé kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó ní rárá, àbíkẹ́yìn ni. Sístà Àgbà ti ní kí wọ́n gbé òun wá lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lọ́jọ́ náà, ó ní òun kò tiẹ̀ ní gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá, ohun tí Ọlọ́run bá ti sọ fún mi ti tó òun. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, Ọlọ́run kò sọ nǹkan kan fún mi. Wọ́n máa jókòó, wọ́n máa yíjú sí mi, wọ́n máa dákẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?