Àwo Oúnjẹ Iwájú Aṣọ Funfun

Hinokizawa,
Ìgbà tí èso kákì ń pọ́n.

Chigusa ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ariwo Tókíyò. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹ oúnjẹ tó gbóná, àbí búrẹ́dì tí ẹ máa ń jẹ lórí ìdúró yẹn náà ni? Èmi wà, ẹsẹ̀ mi òsì nìkan ló ń bá mi jiyàn bí mo bá fẹ́ gòkè lọ sí ibojì. Láàárọ̀ yìí mo sun tùràrí fún bàbá rẹ, mo ní kó máa ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kò ti dé Tókíyò rí nígbà ayé rẹ̀, mo júwe ọ̀nà fún un, mo ní ibi tí o bá ti sọ̀ ni kí òun náà sọ̀, kó má tẹ̀ lé ẹlòmíràn. Kí àwọn tó lọ ṣáájú wa má ṣe gbàgbé orúkọ rẹ.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá rẹ, nítorí ibẹ̀ ló mọ́ jù lọ nínú ilé. Bí ó bá dún, mo máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀, mo máa ń tẹríba, kí n tó na ọwọ́ sí i, ìgbà tí mo bá sì ṣe tán ó ti dákẹ́. Nítorí náà má ṣe sọ mọ́ pé èmi kì í gbé fóònù, ìwọ ni o kì í dúró kí ènìyàn kí ọ tán. Owó tó o san sí báńkì náà tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó ń hàn lójú ẹ̀rọ ìgbowó yẹn ṣì ń tẹríba fún mi bí mo bá gbowó tán, èmi náà a tẹríba, òun náà a tún tẹríba, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé èmi àgbà ni mo kọ́kọ́ gbójú kúrò. Yasoe aládùúgbò wa tó tò sẹ́yìn mi ń kùn pé yìnyín yóò bá òun níbẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ báyìí kò wọ́pọ̀ mọ́.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ọdún fíìmù wa. Ó pé ọgbọ̀n ọdún lọ́dún yìí. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onodera wá láti ọ́fíìsì ìlú, ó mu ife tíì mẹ́ta, ó ní láti ọdún yìí lọ, àwọn fíìmù náà yóò máa hàn lórí aṣọ nílé ẹ̀kọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, wọn yóò sì tún máa wọ inú fóònù kí gbogbo ayé lè rí wọn. Mo bi í pé níbo ni àwọn àlejò inú fóònù yóò bọ́ bàtà sí, ta ni yóò sì bu ọbẹ̀ kókò fún wọn. Ó ní orí ibùsùn wọn ni wọn yóò ti máa wò ó. Mo ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì ní bàbá rẹ kò fẹ́ kí ènìyàn máa nà gbalaja níwájú òun láti ìgbà ayé rẹ̀, nítorí náà kó kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ẹni tó bá fẹ́ wo Tokuji, kó dìde jókòó, kó sì wọ aṣọ. Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mo sọ ni.

Ó wá ní òfin tuntun ti dé. Fíìmù wa àtijọ́, èyí tí Hamuro yà nípa abúlé wa nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, tí a fi ń ṣí ọdún fíìmù lọ́dọọdún, kò ní hàn mọ́ àyàfi bí gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ bá gbà. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù tí orúkọ bàbá rẹ wà lórí rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ibojì pẹ̀lú ife ọtí ìrẹsì kan, mo kà á fún un, mo fi òkúta lé e lórí, mo ní tí kò bá fẹ́, kó jẹ́ kí òjò tú u. Òjò kò rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo mú èdìdì orúkọ rẹ̀ tó fi ń buwọ́ lùwé láti inú àpótí pẹpẹ, mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Nígbà tí Onodera rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní Ìyá, òkú kì í tẹ èdìdì, ọmọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti kọ̀wé sí ọ, o kò dáhùn. Ó ní bí o kò bá gbà, kò ní wọ inú fóònù, kò sì ní hàn lórí aṣọ pàápàá.

Mi ò bá ọ jà, Chigusa. Mo mọ ìdí tí o kò fi dáhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rántí, nítorí ìrántí nìkan ni iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ mi kò lè dí mi lọ́wọ́ rẹ̀.

O rántí Hamuro? Irun rẹ̀ gùn bí ti obìnrin, ó ní fíìmù tí kò sí òṣèré nínú rẹ̀ ni òun fẹ́ yà, bàbá rẹ sì ní a ó rí oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹun nínú ilé yìí gbọ́dọ̀ fa koríko. Ó fa koríko fún ọdún kan gbáko kó tó gbé kámẹ́rà. Nígbà tí fíìmù náà parí, kò sí ibi tí a ó ti wò ó, ni mo bá tú aṣọ ìtẹ́sùn ìgbéyàwó mi, mo rán an pọ̀, a fi kọ́ sínú ilé tí bàbá àgbà rẹ ti ń sin kòkòrò ṣẹ́dà. Adìyẹ wà nísàlẹ̀, ènìyàn wà lókè. Yasoe lọ gbé ìrẹsì kaná lórí ẹ̀rọ iná mànàmáná nílé rẹ̀, iná kò gbé ìyẹn àti ẹ̀rọ fíìmù pọ̀, gbogbo abúlé ṣókùnkùn, a jókòó nínú òkùnkùn títí ìrẹsì Yasoe fi jinná lórí iná igi. Báyìí ni ọdún àkọ́kọ́ ṣe rí, mi ò tíì gbádùn nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ará abúlé Nigorikawa gbọ́, wọ́n wá fìbínú bi wá pé ṣé àwọn kò ní ojú ni. Ni Hamuro bá lọ ya tiwọn náà, fíìmù wá di méjì. Lẹ́yìn náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn wá láti ibùdókọ̀ ojú irin pẹ̀lú fíìmù nínú àpò ẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí àwọn ará òkèèrè. Ọmọbìnrin kan láti Filipíìnì gbé fíìmù oko ìrẹsì orí òkè wọn wá, àwọn àgbà wa ń kígbe sí aṣọ pé wọ́n ń gbìn ín há jù. Ọmọ náà lọ jíṣẹ́ nílé, ọdún tó tẹ̀ lé e ló mú èsì bọ̀, wọ́n ní kí àwọn àgbà Hinokizawa mójú tó oko tiwọn. Ẹ̀wà pupa la fi ń dìbò nígbà náà, ẹni kan ẹ̀wà kan, Yasoe a máa ju ẹyọ mẹ́ta. Ẹni tó bá gbégbá orókè a gba àpò ìrẹsì tuntun, àwọn mìíràn a sì máa sunkún bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí ibùdókọ̀. Nígbà tí ọmọ tán ní abúlé tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ọdún fíìmù ló kó wọ inú rẹ̀. Nísinsìnyí ìlú ló gbà á, wọ́n ń fún olúborí ní gíláàsì kan tí kò ṣeé sè.

Ó tún ku ti àwo oúnjẹ. Ní ọdún tí o lọ sí Tókíyò, mo gbé àwo kan síwájú aṣọ, ìrẹsì, ọbẹ̀ kókò, àti ìgbá tí mo rẹ sínú míso ẹ̀wà oníyọ̀, bí a ti máa ń ṣe. Ọkùnrin gíga kan dé láti Finlandi, ebi ti pa á lójú ọ̀nà, ó jókòó síwájú pátápátá, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé oúnjẹ tí mo gbé fún Tokuji tó ti kú ló jẹ. Gensaku tó jẹ́ olórí wa nígbà náà dìde, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú, Tokuji ló gba inú ọkùnrin yìí wá jẹun, torí ojú rẹ̀ wà lórí aṣọ. Láti ìgbà náà, àlejò tó bá ti ọ̀nà jíjìn jù wá ni wọ́n ń fún jẹ. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò báyìí, wọ́n pè é ní Oúnjẹ Tokuji. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ó wá ku ohun tó ń dùn ọ́. Ibi tí ọkọ̀ ti wá gbé Tsuru màlúù wa lọ nínú fíìmù yẹn, tí o di ìrù rẹ̀ mú, tí o ń sunkún, tí ikun imú rẹ wọ ẹnu. Gbogbo abúlé rẹ́rìn-ín níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín, kò sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. O dìde, o sáré jáde. Ní ilé ẹ̀kọ́ wọ́n ń pè ọ́ ní Ìrù Màlúù. Lọ́dọọdún, bí fíìmù bá ti kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, o ti wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ adìyẹ.

Nítorí náà ìwọ nìkan ni o kò gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje kò rí i, bóyá o ò tilẹ̀ rántí. Bàbá rẹ wọlé sí àárín, ó ní kí Hamuro gbé ẹ̀rọ yẹn wálẹ̀, ó ní ọmọ òun ló ń sunkún, kì í ṣe fíìmù. Hamuro gbé e wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti pa á. Koríko nìkan ló kù tí à ń rí, pẹ̀lú bàtà rọ́bà bàbá rẹ àti ẹsẹ̀ rẹ kékeré méjì. A wá gbọ́ tó ní, Chigusa, má kánjú, sun ún tán, èmi kò lọ síbì kan, ìgbà tí o bá sun ún tán ni a ó jọ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ẹnì kan fọn ikun imú, kì í ṣe ìwọ. Láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀ rí. Yasoe pàápàá a máa ṣí ìborí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti kú. Àwòrán orí pẹpẹ kì í sọ̀rọ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ọmọ mi, èmi kò lè fi pamọ́. Bí o bá ní rárá, èmi kò ní bínú, ojú rẹ ni, ìwọ lo ni ín. Ṣùgbọ́n má ṣe ní rárá láìgbọ́ ọ.

Aṣọ ìtẹ́sùn mi ti gbó, ó ti lu ní ibi tí orí bàbá rẹ máa ń wà. Jọ̀wọ́ wá owó díẹ̀ kí n fi ra aṣọ funfun tuntun, kí n fi rán òmíràn kí ọdún tó pé. Má fi í sínú ẹ̀rọ, ó ti rẹ ọmọbìnrin yẹn, ẹ̀yìn yóò máa dùn ún. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí mi ò sọ fún Gensaku títí ó fi kú. Bàbá rẹ kì í jẹun níwájú aṣọ, orí pẹpẹ ló ti ń jẹ tirẹ̀ láràárọ̀. Àwo tí à ń gbé kalẹ̀ fún ẹni tó wà lájò, kí ebi má baà pa á lójú ọ̀nà, ni mo gbé síbẹ̀. Tìrẹ ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn àlejò ló ń bá ọ jẹ ẹ́.

Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Kí ọ̀nà gbà ọ́ láyè, kí ọkọ̀ ojú irin má pẹ́, kí oúnjẹ rẹ má tutù kí o tó dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fusae.