Bí Àwọn Ọlọ́rùn-Gígùn Ṣe Fún Mi Ní Láísẹ́ǹsì

Nádhalom,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Zsombor,

Gbèsè ni kí á kọ́kọ́ sọ kí n tó kí ọ. O jẹ mí ní mọ́tò fífọ̀ kan. Má sọ pé o kò rántí o. Ní Mọ́ńdè Àjíǹde tí o wá wọ́n omi sí mi lórí, bí gbogbo ọmọkùnrin ṣe ń wọ́n obìnrin lómi lọ́jọ́ náà, tí mo fún ọ ní ẹyin pupa, tí o jókòó ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mi tí o ń jẹ, o sọ ọ́ lójú bàbá rẹ pé bí èmi bá fi lè yege ìdánwò mọ́tò láyé yìí, ìwọ fúnra rẹ yóò pọn omi sínú korobá, wàá sì fọ mọ́tò bàbá rẹ lójú títì yín ní Budapest, níwájú gbogbo èèyàn, láti orí dé táyà. O rẹ́rìn-ín títí ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ fún ọ lọ́rùn. Ó dáa. Lọ wá korobá.

Ní ti tèmi, ìgò jáàmù méjì péré ni mo jẹ ọ́, wọ́n sì ti wà nínú búùtù mọ́tò báyìí, nítorí náà ọ̀dọ̀ tèmi ti mọ́.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọmọbìnrin tí o ní ọ̀rẹ́ lásán ni yẹn ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀, kò ní jẹ́ kí àpótí tó ń gbé yín ròkè nínú ilé yín há mọ́ ọ lójú ọ̀nà, ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yọrí bí èyí tí mo dáwọ́ lé ṣe yọrí. Àṣẹ. Bàbá rẹ kí ọ. Ajá kí ọ. Màmá Borbála òdìkejì títì náà kí ọ, ṣùgbọ́n wàá gbọ́ tirẹ̀ níwájú.

Orúnkún bàbá rẹ kò tíì sàn. Bí ó bá fẹ́ dìde lórí àga, igi àga ló ń kọ́kọ́ ké, òun a sì ké tẹ̀lé e. O mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì yìí, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún un ní Budapest lọ́dọ̀ yín, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí kò bá yọjú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Láti ìgbà òjò dídì ni wọ́n ti dá bọ́ọ̀sì àárọ̀ wa dúró. Ọkùnrin tó ń fi mọ́tò gbé èèyàn ní ìlú dárúkọ iye tí mo lè fi ra odidi ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní kàkà kí n kó ẹlẹ́dẹ̀ fún un, mọ́tò bàbá rẹ tó ń sùn nínú ṣẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ tí orúnkún rẹ̀ ti dá a jókòó, èmi fúnra mi ni yóò wà á. Ìdí tí mo fi lọ kọ́ ọkọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe afẹ́.

Kí n má gbàgbé, mo dúpẹ́ fún ẹkún tí o sun. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ọ lórí fóònù pé mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, o fi ojú kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan ránṣẹ́ sí mi, omi ń dà lójú rẹ̀ méjèèjì, ó la ẹnu gbàgà, o tilẹ̀ tò ó ní mẹ́ta. Mo gbé e fún bàbá rẹ. Mo ní wo bí ọmọ ṣe ń sunkún nítorí ìyá rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní òun kò mọ̀ pé àánú rẹ tó báyìí. Mo tan àbẹ́là kan fún ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú, àbẹ́là wọ́n báyìí. Má sunkún mọ́.

Ìgbà kejì yẹn, mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ nítorí fóònù ń jẹ owó. O mọ ibi tí ọ̀nà ìlú ti gba ẹ̀gbẹ́ adágún ẹja kọjá. Omi àti esùsú wà lápá ọ̀tún, pápá wà lápá òsì. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn-gígùn tinú igbó, àwọn aláwọ̀ eérú tí kò ní olówó, inú esùsú ni wọ́n ń pa ọmọ sí, koríko pápá ni wọ́n sì fẹ́ kó ọmọ lọ jẹ. Bí mo ṣe ń wa mọ́tò bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, Csilla, ọmọbìnrin tó ń kọ́ mi lọ́kọ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ọ̀gá Szendrei tó ń dán mi wò wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé lórí itan, àfi tìyá tọmọ tí wọ́n tò bọ́ sójú títì bí ọmọ ilé ìwé. Èmi tí ìyá mi ti fi ọ̀pá pẹ́pẹ́yẹ lé lọ́wọ́ kí n tó mọ ábídí, kí ni wọ́n ní kí n ṣe? Mo pa ẹńjìnnì, mo sọ̀kalẹ̀, mo tú ìborí mi, mo ń fẹ́ ẹ, mo ń pè wọ́n, lib-lib-lib, ẹ máa bọ̀, lib-lib-lib, bí mo ṣe ń pe tilé bọ̀ láti odò.

Wọn ò dá mi lóhùn o. Ìyá wọn yí padà sínú omi, àwọn ọmọ fọ́n ká sínú kòtò, bàbá wọn sì gba ẹnu ilẹ̀kùn tí mo ṣí sílẹ̀ wọ inú mọ́tò, ó na ọrùn kọjá orí àga mi, ó gé Ọ̀gá Szendrei jẹ lápá. Mi ò sì fa bíréèkì ọwọ́. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wọn nínú. Ọpẹ́lọpẹ́ Csilla tó ní bíréèkì tirẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀gá Szendrei bi mí, ó ní màmá, ṣé ìdánwò ọkọ̀ lẹ wá ṣe ni àbí ti darandaran? Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ṣé ó dùn yín? Ó ní rárá o, ara òun dá ṣáṣá, ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń jáde.

Ṣé o rò pé ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó délé? Màmá Borbála ti dúró sẹ́nu géètì dè mí. Ó ní Ìyá Zsombor, ẹ kú ewu, mo gbọ́ pé pẹ́pẹ́yẹ ti ń wa mọ́tò, ẹ bá mi bi í kó sọ iye tó ń gbà dé ọjà. Mo ní lọ́kàn mi pé ọjọ́ ń bọ̀.

Ọjọ́ kejì, Csilla gbé mi padà lọ sẹ́bàá adágún náà, ó ní kí n jókòó sí koríko, kí n má sọ̀rọ̀, kí n kàn máa wò. Mo gbé búrẹ́dì tí mo fi ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ àti àlùbọ́sà pa lọ, a jọ ń jẹ ẹ́, a ń wo àwọn ẹbí ẹni tí a ń jẹ ọ̀rá rẹ̀. Ó ní màmá, gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa pẹ́pẹ́yẹ, ẹ fi sílé bí ẹ ṣe ń bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ sílé. Tilé mọ ohùn yín. Tigbó yìí ò mọ̀ yín rí, ọ̀tá ni ẹ jẹ́ lójú rẹ̀, bí ẹ bá sì ti ń fẹ́ aṣọ, ńṣe lẹ ń pè é síjà.

Ìwọ tí o ti gba láísẹ́ǹsì láti ọjọ́ yìí tí o kò ní kẹ̀kẹ́ lásán, gbọ́ kí n kọ́ ọ. Bí o bá rí ọ̀kan létí títì, gbà pé ẹbí rẹ̀ wà nínú koríko, láti òkèèrè ni kí o ti dẹ ẹsẹ̀. Kọ́kọ́ wo dígí ẹ̀yìn, nítorí bíréèkì òjijì tó gba pẹ́pẹ́yẹ là lè fi ọ́ sábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Wàá wá tẹ bọ́tìnnì pupa onígun mẹ́ta kí iná máa ṣẹ́jú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi ti rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ọlọ́pàá, mi ò sì fọwọ́ kàn án rí kí wọ́n má baà bá mi nínú aṣọ ilé. Má ya sí ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀, ọmọ ẹlòmíràn lòun náà. Má fọn họ́ọ̀nù. Csilla ní ní àkókò yìí ìyẹ́ àwọn àgbà pàápàá ti ń já, bí ẹ̀rù bá tilẹ̀ bà wọ́n kò sí ohun tí wọn yóò fi fò, akọ á kàn dúró á kọjú ìjà sí ọ ni, àwọn ọmọ á sì sá padà sábẹ́ táyà. Má ki mọ́tò bọ àárín ìyá àtọmọ. Má sọ̀kalẹ̀. Má sì ju búrẹ́dì fún wọn láti ojú fèrèsé, torí ìyẹn ló ń sọ wọ́n di alágbe ojú títì. Màmá Borbála ló ń jù ú láti inú bọ́ọ̀sì ọ̀sán, mo sì ti sọ fún un.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mọ́tò kan náà, Csilla kan náà, Ọ̀gá Szendrei kan náà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó ti lẹ̀ mọ́ apá kejì àga ẹ̀yìn, ó sì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. A dé ẹ̀bá adágún. Mo rí orí kan ṣoṣo nínú koríko. Mo ní wọ́n ti dé. Mo dẹ ẹsẹ̀, mo wo dígí, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ọtí ń bọ̀ lẹ́yìn, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo dúró wọ́ọ́rọ́ bí ẹni gbé ẹyin sílẹ̀. Ìyá wọn bọ́ síta, àwọn ọmọ tẹ̀lé e, bàbá gbẹ̀yìn. Awakọ̀ tó kó ọtí náà fọn họ́ọ̀nù, ó yọ orí síta, ó ní màmá, ṣé ẹ ti sùn ni, ṣé kí n gbé ìrọ̀rí wá fún yín? Akọ gbọ́ họ́ọ̀nù, ó yí padà, ó wá dúró níwájú mọ́tò mi gan-an, ó na ọrùn, ó ń hó sí mi bí ìkòkò ọbẹ̀. Zsombor, ahọ́n ń yún mi. Lib-lib ti dé ẹnu eyín mi, mo fi eyín há a mọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí ìtọ́kọ̀, ìborí mi wà lórí mi.

Nígbà tó yá ó jọ pé gbogbo wọn ti kọjá. Ọlọ́tí ti ń mú kí ẹńjìnnì rẹ̀ han. Ṣùgbọ́n akọ yìí ò tẹ̀lé wọn, apá esùsú ló kọjú sí. Mo ní bàbá kan kì í dúró sójú títì lásán. Mo ní sùúrù. Ọ̀kan tó kéré jù wá yọ, ó ń rìn bí ẹni pé òun ló ni ọ̀nà, bí ìwọ gẹ́lẹ́ bí mo bá ń pè ọ́ kí o má baà pẹ́ débi ẹ̀kọ́. Ó kọjá, bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e, mo pa iná tó ń ṣẹ́jú, mo tún wo dígí, mo ki jíà, a lọ.

Ọ̀gá Szendrei bi mí láti ẹ̀yìn, ó ní màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀kalẹ̀ lónìí? Mo ní ọ̀gá, wọn kì í ṣe tèmi. Ẹ̀rín bú jáde nímú rẹ̀. Nígbà tí a dé ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo ti yege, apá òun náà sì ti jinná.

Gbogbo họ́ọ̀nù tí mo fi du àwọn pẹ́pẹ́yẹ, iwájú ilé Màmá Borbála ni mo ti ná an tán. Ó sáré jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó ní ta ló kú? Mo ní kò sẹ́ni tó kú o, ẹ wọlé kí n gbé yín lọ sọ́jà, ẹni tó wà á ní apá, kò ní ìyẹ́. Ó wọlé o! Ó di bẹ́líìtì mú bí ẹni di àgbélébùú mú. Bàbá rẹ tiro lọ sínú ṣẹ́ẹ̀dì, ó mú ìbọ̀wọ́ awọ tó fi ń wakọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le jáde, ó nu eruku rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó tóbi fún mi. Mo wọ̀ ọ́.

Csilla ti fi obìnrin kan tó mọ gbogbo ọ̀nà sínú fóònù mi. Mo kí i káàárọ̀, kò jẹ́ mi, ó jọ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ó ní sùúrù. Mo ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹta lánàá, kò pè mí ní dìndìnrìn, ó kàn wá ọ̀nà mìíràn fún mi. Mo ní kí bàbá rẹ máa fetí sí bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Fi owó epo ránṣẹ́ sínú fóònù yìí kan náà, àlọ àti àbọ̀, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún obìnrin náà, torí mi ò mọ iye tó ń gbà. Èyí tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, mo fi aṣọ wé fóònù náà, mo rì í sínú àpótí ìyẹ̀fun títí ilẹ̀ fi mọ́ kí olè má baà gbé owó lọ. Bí bátìrì bá kú mọ́jú, ṣé owó inú rẹ̀ á yè? Ṣàlàyé fún mi.

Ọjọ́bọ̀ ni bàbá rẹ àti èmi ń bọ̀, kí a lè sùn lọ́dọ̀ rẹ kí Ẹtì tó mọ́. Mo fi lẹ́tà yìí rán Csilla tó ń bọ̀ sí Budapest lọ́la. Jẹ́ kí n mọ apá tí mo lè gbé mọ́tò sí lójú títì yín, ibi tí omi ẹ̀rọ ti sún mọ́ ọ, tí àwọn ará ilé yín á sì ti rí ọ dáadáa. Tí ojú rẹ bá tún da omi bí ti inú fóònù nígbà tí o bá rí mi lẹ́yìn ìtọ́kọ̀, sun ún, mo gbà fún ọ. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ẹni tó ń kánjú lẹ́yìn rẹ kò ní tì ọ́ ṣubú, ẹni tó ṣẹ́kù lẹ́yìn nínú ẹbí wa, Ọlọ́run á dúró dè é.

Èmi ni ìyá rẹ, Rozália, awakọ̀.

Ọjọ́rú ni mo ń retí èsì.