Owó Ìjókòó Lásán

Calder, Alabama

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, ẹ má fòyà. Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n: àwọn aláṣẹ Yunifásítì Calder ti ní kí n máa lọ, torí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mò ń kọ́ ń fìdí rẹmi ṣáá. Ṣùgbọ́n ìyà ò jẹ ọmọ yín. Àdéhùn wa ni pé bí wọ́n bá lé mi, wọn á ṣì san owó ọdún mẹ́ta tó kù. Mo ń sinmi dáadáa. Mo ń gé koríko àyíká ilé, títí kan ibi tí kò sí koríko.

Lánàá, mo lọ ra ẹran àti búrẹ́dì. Delphine, ọ̀kan nínú àwọn òmùwẹ̀ yunifásítì, ló ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù náà.

"Kóòṣì, ẹ kú ìsinmi o!"

Mo rẹ́rìn-ín. "Omi ńkọ́?"

"Wọ́n ti tú ẹgbẹ́ wa ká, sà. Wọ́n ní owó tí wọ́n ń ná lé wa lórí ni wọ́n fẹ́ fi kún owó tí wọ́n jẹ yín. Ṣé kí n bá yín di ẹran yìí lọ́tọ̀?"

Mi ò mọ ibi tí màá fojú sí. Mo gbàgbé búrẹ́dì síbẹ̀, mi ò sì lè padà lọ mú un.

Oúnjẹ wà nílé ṣá. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kí Lorene àbúrò mi, kí ẹ rọra sọ fún un pé kí ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ wá síbí lọ wá yunifásítì mìíràn tí á ti máa lúwẹ̀ẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Harlan